Omi Tó Gbé Élise Dúró

Kí ló dé tí Ọlọ́run fi jẹ́ kí ọmọ kan dúró nínú omi, tí kò sì jẹ́ kó dúró lórí ilẹ̀? Láti ìgbà tí àwọn Faransé ti ń ṣe ìjọba ní Lomé ni mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn wa ní katikísì, mi ò sì tíì rí ìdáhùn ìbéèrè yìí nínú ìwé kankan. Ọ̀rọ̀ Ọmọ́bọ́láńlé, ìyá Élise, ló gbé e kò mí lójú.

Ṣàbẹ́, lọ́dọ̀ wa lókè, ni wọ́n ti bí Ọmọ́bọ́láńlé. Ìbítóyè, ọkọ rẹ̀, ń ru ẹrù ní wáàfù, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù sílẹ̀. Ọmọ́bọ́láńlé fúnra rẹ̀ ń ta abọ́ tánńganran lọ́jà. Élise nìkan ni ọmọ wọn. Ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ káàkiri ilé ni ibà mú un. Ibà lọ, ẹsẹ̀ ọmọ bá a lọ. Dókítà òyìnbó tẹ̀ ẹ́ lórúnkún, ó mi orí. Wọ́n fi òróró pa á, wọ́n sín in ní gbẹ́rẹ́ tí mo ní kí wọ́n má sín, gbogbo wa gbàdúrà. Lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni Élise ti pé ọmọ ọdún méje.

"Ìyá Élise," ni Véronique tí ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa ń wí, "ó kù díẹ̀ kí ọmọ yìí máa pọ̀n ẹ́."

"Kó tètè bẹ̀rẹ̀," ni Ọmọ́bọ́láńlé á fèsì. "Ẹ̀yìn ń ro mí."

Wọn á jọ rẹ́rìn-ín. Tó bá délé, á tú ọ̀já, á gbé ọmọ sórí ẹní, kò sì ní lè tètè nàró.

Òkun Lomé kì í ṣe òkun ìṣeré. Ìgbì rẹ̀ a máa fa géńdé lọ lójú gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n ibì kan wà lápá Kodjoviakopé tí àpáta gbọọrọ kan dùbúlẹ̀ sínú omi bí ògiri. Ara àpáta yẹn ni ìgbì ti ń fọ́. Èyí tó bá ré e kọjá, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló ń wọlé wá, á fọwọ́ kan yanrìn, á padà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a bá ti jáde ní Mísà, ibẹ̀ ni tọkọtaya ń kó ọmọ lọ, tàwọn ti àgbàdo sísun àti àgbọn.

Élise ló sunkún pé kí wọ́n mú òun náà lọ. Ọmọ́bọ́láńlé pọ̀n ọ́n wọ inú omi, ó tú ọ̀já, ó sì dì í mú lábẹ́ apá.

"Màámi, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Kí n fi ẹ́ sílẹ̀ kẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ mi ti kanlẹ̀."

Ó fi í sílẹ̀. Ó ṣì na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tí abọ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà kò rì. Ó dúró, omi dé àyà rẹ̀, ó ń wo ìyá rẹ̀. Láti ìgbà ibà yẹn, wọn kò rí ara wọn bẹ́ẹ̀ rí, kí àwọn méjèèjì jọ wà lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà, Élise sún ẹsẹ̀ kan, ó sún èkejì.

Ọmọ́bọ́láńlé gbà pé iyọ̀ ni. Omi odò la mọ̀ lọ́dọ̀ wa lókè; omi tó bá ní iyọ̀ nínú, a gbà pé agbára wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ru garawa lọ sétí òkun, ó pọn omi wálé, ó tún padà lọ, títí ọpọ́n ìfọṣọ ńlá fi kún. Ìbítóyè ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá ilé tó ń rùn bí ẹja.

"Ṣé òkun lo fẹ́ kó wálé ni?"

"Ẹ wá bá mi gbé ọmọ."

Wọ́n jọ gbé Élise sínú ọpọ́n. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó jókòó sínú omi. Ó wo ìyá, ó wo bàbá. Ó ní, "Omi yìí kò ga tó mi."

Ìbítóyè rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú rẹ̀. Nígbà tó yá, kì í ṣe ẹ̀rín mọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló wá kù fún wọn. Ọmọ ń rìn nínú omi, ìyá ń rìn sẹ́yìn níwájú rẹ̀. Èmi náà ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí Ọlọ́run parí ohun tó bẹ̀rẹ̀.

Òjò ọdún yẹn pọ̀, òkun sì bínú. Nígbà tí òjò dá, Ọmọ́bọ́láńlé pọ̀n Élise padà lọ síbẹ̀, kò rí àpáta mọ́. Yanrìn ti bò ó, ó ti dí ibi tí omi máa ń wà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Níwájú, ìgbì ń lu etí yanrìn náà gbì, gbì. Célestin, apẹja Mina kan tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe.

"Dadá," ó ní, bí àwọn Mina ṣe ń pe ìyá, "òkun ló kó o wá."

"Ìgbà wo ló máa kó o lọ?"

"Ìgbà tó bá wù ú."

"Ta la lè lọ bẹ̀? Ṣé òyìnbó kò ní èèyàn tó lè kó o ni?"

Célestin wo etíkun láti ọ̀tún dé òsì. "Kí wọ́n kó o lọ síbo?"

Ọmọ́bọ́láńlé sọ ọmọ kalẹ̀, ó mú abọ́ tí wọ́n fi gbé oúnjẹ wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Omi sun jáde. Bó ṣe ń gbẹ́ ni ẹ̀gbẹ́ ihò ń wó padà. Célestin fi àwọ̀n sílẹ̀, ó wá ń fọwọ́ wa yanrìn pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, Ọmọ́bọ́láńlé gbé Élise sínú ihò náà. Omi kò kọjá itan rẹ̀. Ọmọ náà di èjìká ìyá rẹ̀ mú, ó gbìyànjú, ó jókòó. Ó tún gbìyànjú.

"Ó tó, Màámi," ni Élise wí. "Ọwọ́ yín ti ń ṣẹ̀jẹ̀."

Iwájú ilé mi ni wọ́n gbà kọjá. Yanrìn ṣì wà nínú irun ọmọ. Mo ní kí wọ́n jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí mo máa ń sọ, pé ọ̀nà Ọlọ́run ga ju tiwa lọ. Mo gbọ́ ohùn ara mi, mo dákẹ́.

Ọmọ́bọ́láńlé kò bínú. Ó sún ọmọ sókè lẹ́yìn rẹ̀, ó tún ọ̀já so.

"Bàbá, ẹ má bá mi gbàdúrà ẹsẹ̀ mọ́," ó ní. "Bóyá ẹsẹ̀ ti pọ̀ jù láti tọrọ. Tí ẹ bá kúnlẹ̀ lónìí, ẹ dákun, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kó wá kó yanrìn Rẹ̀ kúrò."