Ìkíni Tí Kọ̀ǹpútà Ò Mọ̀

Ẹ gbà mí, mo kí kọ̀ǹpútà lónìí, ó kọ̀ mí lójúkojú!

Láti ìgbà tí Bọ́lá tá a jọ ń tẹ̀wé ti relé ọkọ ní Kánò, èmi nìkan ló kù ní ṣọ́ọ̀bù wa n'Ìkirè.
Mo wọlé láàárọ̀, mo ní, "Ẹ kú ilé o." Kò sẹ́ni tó dáhùn.
Ni mo bá tan kọ̀ǹpútà, mo tẹ "Ẹ káàárọ̀" sí i.
Ó fèsì lóyìnbó pé òun ò mọ àṣẹ yẹn.
Àṣẹ kẹ̀? Mo kí ọ ni!

Ọ̀gá mi tó ni ṣọ́ọ̀bù ti Àpòmù dé. "Ta lò ń bá jà?"
"Kọ̀ǹpútà ni, sà. Mo kí i, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n."
Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ohun tí wọ́n bá fi sínú rẹ̀ nìkan ló lè sọ jáde. Ta ló fi ìkíni sí i?"
Wọ́n mú bébà, wọ́n tún jáde.

Mo tún kí i. Èsì kan náà ni.
Àmọ́ ó ṣáà fèsì.

Ẹ̀yin tí ìkíni wà nínú yín, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ta ló máa dá mi lóhùn?