Ẹni Tó Fọ Ẹ́ńjìnnì Ìyá Bíréèkì

Ìyá Bíréèkì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ariwo "Bíréèkì! Bíréèkì!" ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò tíì bú rí. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ní. Ọkọ̀ yẹn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun náà ni ọ́fíìsì. Bó bá dáṣẹ́ sílẹ̀, oúnjẹ dáṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Mẹkáníìkì sì lọkọ rẹ̀. Ẹ wá wo wàhálà! Lọ́jọ́ tí obìnrin yìí lọ ra ìwé adójútòfò àtúnṣe ọkọ̀, èyí tó sọ pé bí ẹ́ńjìnnì bá bàjẹ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò á pààrọ̀ rẹ̀, ṣe lọkùnrin náà fárígá.

"Mo wà láàyè, o wá lọ ń wá àlejò tó máa tú ọkọ̀ wa?"

"Lọ́jọ́ tí mo fi wákàtí mẹ́rin dúró sí títì, ta ni mo pè tí kò gbé fóònù? Ẹ jẹ́ kí àlejò gbé e."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé kan, ọ́ìlì jò tán lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì sì nọ́kì. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ìyá Bíréèkì sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀.

Ẹ gbà mí! Nígbà tí ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láàárọ̀, ẹ́ńjìnnì ń dán gbinrin. Wọ́n ti fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ tinú tẹ̀yìn, wọ́n sì ti nù ún gbẹ.

"Mà, ta ló fọ èyí?"

"Èmi ni," ọkọ rẹ̀ dáhùn, ó ń wo òkè. "Mẹkáníìkì kì í jẹ́ kí mẹkáníìkì míì bá ẹ́ńjìnnì tó dọ̀tí lọ́wọ́ òun. Ìtìjú ni."

"Bàbá, ibi tí ọ́ìlì gbà jáde ni mo wá wò. Ẹ ti fọ̀ ọ́ dànù. A ò lè san án."

Ó pa fáìlì dé, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Olówó orí mi, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ìyá Bíréèkì gbaná jẹ. "Inú yín dùn báyìí? Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ló fẹ́ ṣe ìdánwò lọ́sẹ̀ yìí, kí ni kí wọ́n fi ṣe é? Ìkà ni yín! Ẹ̀tanú lásán ni!"

Ọkùnrin náà ò fèsì, bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ borí òun. Èyí ló fu obìnrin náà lára.

"Kí lẹ fọ̀ kúrò níbẹ̀?"

Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Wọ́n ń gbọ̀n.

"Èmi ni mo pààrọ̀ ọ́ìlì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tó dí ojú ihò ọ́ìlì yẹn, mi ò lè dì í le mọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò yẹn mọ̀ pé ọwọ́ mi ló fà á."

"Látìgbà wo?"

"Ó ti lé lọ́dún kan."

"Ẹ wá fi pa mọ́ fún mi!"

"Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Lọ́jọ́ tó o ra ìwé yẹn, mo rò pé o ti rí i pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n ni."

Kò rí i. Ojoojúmọ́ ni wọ́n jọ ń jẹun, kò rí i. Àánú ọkọ rẹ̀ fẹ́ ṣe é, àmọ́ inú tó ń bí i kò jẹ́.

"Ẹ kúrò níwájú mi," ló sọ.

Ọkùnrin náà ò kúrò. Ìyá Bíréèkì náà ò sì tún un sọ.