Púlì Tí Mo Ní Kí Wọ́n Jó Pọ̀

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin mọ̀ pé mi ò kàwé kọjá kíláàsì kẹrin, ó sì mọ̀ pé kò sí ẹ́ńjìnnì tírélà tí mi ò lè tú palẹ̀ kí n sì tò padà tí nọ́ọ̀tì kan ò ní ṣẹ́kù sílẹ̀. Àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí, tí wọ́n ń so kọ̀ǹpútà mọ́ ọkọ̀, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè nígbà tí kọ̀ǹpútà bá dákẹ́. Mo lè fi ẹnu sukudiráfà kan ẹ́ńjìnnì, kí n fi ìdí rẹ̀ sétí, kí n sì sọ ibi tó ń dùn ún fún yín. Fáàrí kọ́ o, bó ṣe rí ni mo ń sọ. Bẹ́ẹ̀, èmi yìí náà ni mo ba ọkọ̀ Màmá jẹ́, ó sì kù díẹ̀ kí n ba ayé dírẹ́bà rẹ̀ jẹ́ mọ́ ọn.

Màmá tí mò ń wí, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, inú Festac ló ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ló ra tírélà náà kó tó kú, òun ni Màmá sì fi ń gbọ́ bùkátà. Dírẹ́bà tó ti ń wà á láti ayé ọkọ rẹ̀ náà ló ṣì ń wà á. Ọkùnrin yẹn fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, kì í pariwo. Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é lójú. Ohun tí mò ń pè é lẹ́yìn, ẹ ó gbọ́ ọ.

Ọjọ́ kan ló wá bá mi ní yáàdì wa nítòsí Mile 2 pé fáńbẹ́ẹ̀tì ń já bọ́. Mo wo iwájú ẹ́ńjìnnì. Irin roboto kan wà níbẹ̀ tí bẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá, ó tóbi tó ìdérí ìkòkò ńlá. Àwọn tó kàwé ń pè é ní dámpà. Púlì là ń pè é ní tiwa, a ò sì kà á sí nǹkan mìíràn ju ohun tó ń yí bẹ́ẹ̀tì lọ. Irin méjì ni, ọ̀kan wà nínú èkejì, rọ́bà wà láàárín wọn. Rọ́bà tirẹ̀ ti gbó, ó ti sán, irin òde sì ti ń yọ̀ lórí ti inú.

Tuntun ló yẹ kí n fi sí i. Bí mo bá ní kí Màmá rà á, yóò rà á. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé èmi ò lè tún púlì lásán ṣe? Mo gbé e lọ bá wẹ́dà tó wà lẹ́yìn wa nígbà náà, mo ní kó jó irin méjèèjì pọ̀ ní ojú mẹ́rin. Ó tutù, mo dè é padà, bẹ́ẹ̀tì ò sì já bọ́ mọ́. Mo pe àwọn mẹkáníìkì tí a jọ wà ní yáàdì pé kí wọ́n wá wo bí wọ́n ṣe ń fi orí ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n lọ sí Ìlọrin, ó padà dé, kò tíì sọ̀kalẹ̀ tán tó ti ń na ìka ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ náà ń gbọ̀n. Kì í gbọ̀n ní ìdúró, kì í gbọ̀n bó bá ń rọra lọ. Àfi bí eré bá dé ibì kan, á wá máa gbọ̀n wẹ́wẹ́ bí ara ẹni tí ibà mú, á bá apá òun gòkè títí dé èjìká. Mo tan ọkọ̀, mo gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

“Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ kọ́ ló ń gbọ̀n,” mo wí. “Ara yín ni. Ẹ lọ sinmi jàre.”

Gbogbo yáàdì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà la ti ń pè é ní Bàbá Jìgìjìgì. Bó bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹnì kan á na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń wakọ̀, á máa gbọ̀n, á sì máa bi í bóyá ilẹ̀ náà ń gbọ̀n lónìí. Á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á tún wá bá mi pé ọkọ̀ yẹn ń gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́. Nígbà tí Màmá bi mí, mo sọ fún un pé àgbà ló dé sí dírẹ́bà rẹ̀, ọ̀nà jíjìn ti sú u, àwáwí ló ń wá. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí Màmá rà fún mi ni mò ń mu nígbà tí mò ń sọ ọ́.

Kò pẹ́ sí i ni kiráńkì kán sí méjì nítòsí Ṣágámù. Kiráńkì ni ọ̀pá irin ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì; bó bá kán, ẹ́ńjìnnì kú nìyẹn. Wọ́n wọ́ tírélà náà wá sọ́dọ̀ mi. Màmá dé, ó ní ohun tí mo sọ ti ṣẹ, pé ìwàkuwà ló ba ọkọ̀ òun jẹ́. Ó ti rí ẹlòmíràn nínú ìjọ rẹ̀ tó máa wà á. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí, ẹni náà ni kí n fún ní kọ́kọ́rọ́, kí dírẹ́bà náà máa lọ sílé.

Ẹ̀gbọ́n gbọ́, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀ ló ń wá, á jókòó lórí táyà kan, á máa bá wa fi dísẹ̀lì fọ nọ́ọ̀tì tí ẹnì kan ò ní kó fọ. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé àbíkẹ́yìn òun ṣì wà nílé ìwé, àti pé òun ò mọ ẹni tó máa gbé ọkọ̀ fún ọkùnrin ọlọ́jọ́ orí òun bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ó ṣẹ́ kiráńkì.

Nígbà tí mò ń lọ ra kiráńkì, mo gbé púlì dání kí n lè fi wé òmíràn. Ọmọ Ìgbò kan tó ń ta páàtì ọkọ̀ ńlá ni mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, Yorùbá rẹ̀ já gaara ju tẹlòmíràn nínú wa lọ. Ó gba púlì náà, ó yí i wò, ó fi àtàǹpàkò ra ojú ibi tí wọ́n jó.

“Ọ̀gá, ta ló pa eléyìí?”

Mo ní pípa wo nìyẹn. Ó gbé tuntun jáde, ó ní kí n fi èékánná tẹ rọ́bà àárín rẹ̀. Ó rọ̀.

“Ibi tó rọ̀ yìí ló ń gbé ìgbọ̀nrìrì kiráńkì mì. Bí ẹ bá jó o pọ̀, kò ríbi lọ mọ́, á máa lu kiráńkì títí á fi kán. Dírẹ́bà ò sọ fún yín pé ó ń gbọ̀n ni?”

Mo ní mi ò rántí.

Mo fi àpò ìrẹsì wé púlì àtijọ́, mo tì í sábẹ́ tábìlì mi. Bí mo bá jù ú sáàárín irin àlòkù, ta ló máa mọ̀? Wẹ́dà tó jó o ti kó kúrò lágbègbè wa. Orúkọ mi á wà bó ṣe wà.

Nígbà tí kiráńkì tuntun ti wọlé, mo de púlì tuntun náà fúnra mi, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù kàn án. Mo nu ẹnu kiráńkì títí ó fi ń dán, mo fi ọwọ́ ti púlì wọlé, mo ń fún àwọn nọ́ọ̀tì tó dojú kọra díẹ̀díẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ kan má bàa wọlé ju èkejì lọ. Mo wá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan láti irin inú dé irin òde. Bí ọ̀kan bá yọ̀, ìlà á yẹ̀. Mo ní kí Ẹ̀gbọ́n wà á lọ sójú ọ̀nà Badagry kó padà. Nígbà tó dé, ìlà ṣọ́ọ̀kì ṣì gún. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

“Wò ó,” ó wí.

Wọ́n dúró gbọn-in. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé tábìlì mi, ó padà lọ jókòó lórí táyà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni Màmá dé, ó ní kọ́kọ́rọ́ dà. Mo wo ọkùnrin yẹn lórí táyà. Mo wá fa àpò jáde, mo gbé púlì kalẹ̀ níwájú Màmá.

“Mà, èmi ni mo ṣẹ́ kiráńkì yín.”

Mo ṣàlàyé bó ṣe jẹ́. Kò pariwo mọ́ mi, ìbá sàn kó pariwo.

“Ó sọ fún ẹ pé ó ń gbọ̀n?”

“Ó sọ fún mi, Mà.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta, Mà.”

“O wá sọ fún mi pé àwáwí ni.” Ó yíjú sí yáàdì. “Mo ti gbọ́ orúkọ tí àwọn wọ̀nyí ń pè é. Pè wọ́n wá, kó o sọ ọ́ fún wọn bó o ṣe sọ ọ́ fún mi.”

Mo ti fi èjìká gbé gíábọ́ọ̀sì rí, mi ò tíì gbé nǹkan tó wúwo tó ọ̀rọ̀ yẹn rí. Wọ́n dúró yí mi ká, sípánà wà lọ́wọ́ wọn, mo gbé púlì sókè kí wọ́n lè rí ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo ní kí wọ́n jó. Mo ní òótọ́ ni Ẹ̀gbọ́n ń sọ láti ọjọ́ yìí, èmi ni mi ò mọ̀, mo sì bú u. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

“Dìde,” Ẹ̀gbọ́n wí. “Ẹ̀yin náà, ẹ padà sídìí iṣẹ́ yín.”

Màmá mú kọ́kọ́rọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Ẹ̀gbọ́n. Ó ní òun fúnra òun á bá ará ìjọ náà sọ̀rọ̀.

“Ẹ má bínú,” ó wí. “Mi ò bi yín. Ẹlòmíràn ni mo lọ ń bi.”

Ẹ̀gbọ́n gba kọ́kọ́rọ́, ó wá yíjú sí mi. Ó bi mí bóyá òun lè kó ẹrù kún un ní ìrìn àkọ́kọ́. Mo ní kó kó ààbọ̀ ná, bó bá sì padà dé, kó wá sọ ohun tó bá gbọ́ lára ọkọ̀ fún mi. Ó ní òun á sọ ọ́.