Kọ́sítọ́mà Ọjọ́ Tí Àlùbọ́sà Mu Omi

Ṣílè mẹ́wàá àti sísì ni wọ́n ń ta agboòrùn dúdú ní Ọjà Igbó lọ́dún náà, èyí tó ní ọwọ́ onígi, tí ẹni tó bá gbé e á máa rìn bí akọ̀wé bí kò tilẹ̀ lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Mi ò fẹ́ rà á. Mo kàn dúró wò ó ni. Kí n tó mí, ẹni tó ń tà á ti di apá mi mú, ó ń pè mí ní kọ́sítọ́mà rẹ̀ àtàtà, ó ní òun ti ń retí mi láti àárọ̀. Èmi tí kò rí rí láyé. Mo bi í pé láti ìgbà wo la ti jọ ń bá a bọ̀. Ó ní láti òní lọ ni. Mo ní kó fi apá mi sílẹ̀ kí àjọṣe wa má baà pẹ́ jù.

Bí ọ̀rọ̀ kọ́sítọ́mà ṣe rí lẹ́nu àwọn kan nìyẹn. Wọ́n ń fọ́n ọn ká bí ẹni da àgbàdo fún adìẹ: èyí tó bá sáré wá ni tiwọn.

Tíṣà kan gba yàrá nílé wa ní Ọ̀yọ́. Òun ló là á yé mi pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, pé ẹni tó ń rajà nìkan ni kọ́sítọ́mà, ẹni tó ń tajà kì í ṣe kọ́sítọ́mà ẹnikẹ́ni. Mo ní kí wá lorúkọ ẹni tó ń tajà? Ó ronú títí, ó ní ẹni tó ń tajà ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo sì gbà pé òótọ́ ló sọ, nítorí ó kàwé, èmi ò ju ìwé méjì lọ. Àmọ́ lọ́jà tiwa, ẹni tó ń tà á pe ẹni tó ń rà ní kọ́sítọ́mà, ẹni tó ń rà á dá a padà fún un, àwọn méjèèjì á sì so mọ́ ara wọn. O ò ní ra ohun tó ń tà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí o gbé e kọjá níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Bí ọjà bá wọ́n, á fi tìrẹ pamọ́ fún ọ. Bí ọjà bá sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìwọ náà á bá a gbé nínú àdánù rẹ̀. Ẹnu kì í fẹ́ sọ èyí tó kẹ́yìn yìí.

Àlùbọ́sà ni mò ń rà ní Sábó, l'Ógbómọ̀ṣọ́, tí mo ń kó lọ tà l'Ọ́jà Akẹ̀sán. Àgbà Hausa kan tí gbogbo wa ń pè ní Màlámù ni kọ́sítọ́mà mi níbẹ̀. Nígbà kan tí àlùbọ́sà wọ́n, tí àwọn obìnrin ń já ara wọn ní gèlè nídìí ọkọ̀, ó jókòó lórí àpò méjì, ó ní obìnrin Ọ̀yọ́ kan ló ni í. Mi ò tíì dé Sábó lọ́jọ́ náà rárá. Owó tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ pọ̀ ju èyí tí mo san lọ.

Ìdí nìyẹn tí ara mi kò fi balẹ̀ lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí. Òjò àkọ́rọ̀ ti bá ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ lọ́nà Òkè Ọya, tapólì tí wọ́n fi bò ó ti ya, àpò márùn-ún sì ti mu omi. Àlùbọ́sà tó bá mu omi nínú àpò, láti inú ló ti ń rà bọ̀ wá síta. Àwa obìnrin Ọ̀yọ́ márùn-ún la jọ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Àwọn mẹ́rin yòókù gbóòórùn ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n kọjá sí ìsọ̀ tó kọjú sí ti Màlámù, níbi tí ọjà ti gbẹ.

Ẹni tó ni ẹrù, tí Màlámù ń bá tà á, ti bá ọkọ̀ wá fúnra rẹ̀. Ó jókòó sórí awọ ní kọ̀rọ̀ ìsọ̀, ó ń ja tẹ̀súbáà. Ọmọ ilé kejì ló sọ ọ́ sí mi létí pé ó ti búra: bí ọjà náà kò bá tán kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́, ìsọ̀ òdìkejì ni ẹrù òun á máa dé sí láti ọjọ́ náà lọ. Ẹni tí wọ́n bá sì gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ ní Sábó, ìsọ̀ rẹ̀ ti di ibi ìnàjú, kò sẹ́ni tó máa rajà níbẹ̀ mọ́.

Gbogbo owó òwò mi ló wà nídìí mi, mo dì í mọ́ ìró. Bó bá lọ, ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi ni mò ń padà sí láti máa bá a fọ irú, ẹni tó bá sì mọ ìyá ọkọ mi mọ̀ pé òórùn irú kọ́ ló burú níbẹ̀. Dírẹ́bà ti ń fọn fèrè. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa ké sí mi láti òdìkejì pé, "Ìyá, ṣé o fẹ́ di aya Màlámù ni? Wá ra ọjà gidi, ọkọ̀ fẹ́ lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn. Nígbà tí mo yíjú padà, Màlámù ń wò mí.

Ó ní, "Kọ́sítọ́mà, mi ò ní bẹ̀ ọ́."

Ká ní ó bẹ̀ mí ni, ǹ bá rí nǹkan fi ṣe yẹ̀yẹ́, ǹ bá sì rí ọ̀nà lọ. Ọjọ́ yẹn ni ìtumọ̀ tíṣà wù mí ju tiwa lọ. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń rajà lásán ni mí, ẹsẹ̀ mi ni mo ní, ojú mi ni mo sì ní, kí n rìn lọ síbi tó gbẹ.

Mo ki ọwọ́ bọ àpò kan dé ìgunpá. Ti àárín ti rọ̀, ti òkè ṣì le. Mo béèrè èló. Ó ní pọ́n-ùn kan ni àpò kan.

Mo ní, "Pọ́n-ùn kan, Màlámù, fún àlùbọ́sà tó ti ń se ara rẹ̀ lọ́bẹ̀?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ni ẹrù dá tẹ̀súbáà dúró. Mo tú ìdí ìró mi, mo san owó àpò mẹ́ta. Bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ sọ́kọ̀, mo rí àwọn ọkùnrin méjì tó ti ń yí ká ìsọ̀ náà láìrajà, wọ́n ń sún mọ́ àpò méjì tó kù. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n rà á. Ọkọ̀ ti gbéra.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́, kò sẹ́ni tó fara kan mi nínú ọkọ̀. Wọ́n fi imú sí ìta bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà. Mo tẹ́ ẹní síwájú ilé wa, mo da gbogbo rẹ̀ síta, mo ń ṣa èyí tó ti rà kúrò kó má baà kó bá tókù. Lójú ọ̀run, ìkùukùu ń pé jọ sí apá kan. Bí ẹ̀kán òjò kan bá tún kàn án, ó parí. Mò ń ṣà, mò ń wòkè, ọrùn ń dùn mí.

Lọ́jọ́ kejì mo kó èyí tó gbẹ lọ sí Akẹ̀sán, ó wá kàn mí láti wo àwọn kọ́sítọ́mà tèmi. Obìnrin alákàrà kan wà tí kì í pè mí láìfi "àtàtà" kún un. Ó wo igbá, ó fi imú fà á, ó ní wọ́n ń gbààwẹ̀ ní ìjọ Aládùúrà àwọn, pé wọ́n ní kí òun má fi àlùbọ́sà kan àkàrà fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ra àkàrà rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Àlùbọ́sà ibẹ̀ pọ̀.

Ìyá kan tó ń se ìrẹsì fún àwọn onímọ́tò, tí kì í sọ ju "ẹ kú ọjà" lọ, dúró tì mí pẹ́. Ó tẹ ọ̀kan, ó tẹ òmíràn. Ó gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n kún un. Mo kìlọ̀ fún un pé kò ní pẹ́ nílẹ̀ o. Ó ní, "Ìrẹsì tèmi náà kì í pẹ́. Ẹ kún un." Ó tún padà wá lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ kẹta òjò dé lóòótọ́, mo da èyí tó kù sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́dẹ̀.

Nígbà tí mo máa padà sí Sábó, mi ò mọ ẹni tí mo máa bá nínú ìsọ̀ náà. Láti ìkóríta ni mo ti ń na ọrùn. Àpò tuntun ni mo kọ́kọ́ rí, gbígbẹ, wọ́n tò ó dé àjà. Màlámù wà lórí ìjókòó rẹ̀, ó ń fi ata ilẹ̀ mu omi gbígbóná. Mo kí i. Ó ní kí n kọ́kọ́ sọ iye tí mo pàdánù, kí òun tó dá iye lé àpò tuntun fún mi. Mo ní kò sí nǹkan kan, pé ọjà tà wìtìwìtì.

Ó ní, "Kọ́sítọ́mà, èló?"

Mo sọ ọ́ fún un: ṣílè méje àti kọ́bọ̀ mẹ́wàá.