Omi Tí Eufemia Gbé Kaná

Ta ló ní omi ò lọ́tàá? Kó wá wo àdúgbò wa láàárín oko ọsàn Kalifọ́níà kó tó tún la ẹnu ẹ̀. Omi ẹ̀rọ wa mọ́ gaara, kò rùn, kò rú. Ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀. Omi yìnyín tó ń ṣàn bọ̀ láti orí òkè ń gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá lọ sídìí ọsàn olówó. Àwa tí à ń ká ọsàn náà, kànga ni wọ́n ti ń fa tiwa sẹ́nu ẹ̀rọ. Ọsàn ń mu omi tó dára ju tiwa lọ, nílẹ̀ tí wọ́n ní owó pọ̀ sí jù láyé!

Mẹ́síkò ni wọ́n bí Eufemia sí, ní abúlé kan tí omi odò ti fi ìgbẹ́ gbuuru pa àbúrò rẹ̀ méjì. Láti ìgbà yẹn ló ti búra pé omi tí kò bá hó ò ní kan ẹnu ará ilé òun láéláé. Ó sọdá wá síbí, ó ká ọsàn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀, ìkòkò rẹ̀ ò sì sọ̀ kalẹ̀ lórí iná.

Rufina tó wà nílé kejì kì í yé fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyá Araceli, ṣé omi lẹ̀ ń sè ni àbí ẹsẹ̀ màlúù? Ó ti jinná ná!"

"Máa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí inú bá run ẹ́, wàá wá bẹ̀ mí fún ife kan."

Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Noemí, ọmọ Rufina, bímọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, Eufemia ló gbé ìkòkò rẹ̀ kejì lọ fún un, tó dúró tì í, tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: kí omi hó títí á fi ku ìdajì, kó wá ku ojúlówó.

Araceli ọmọ tirẹ̀ ti bí Isidro ṣáájú. Lọ́dọ̀ wa, abiyamọ kì í fọwọ́ kan omi tútù títí ogójì ọjọ́ á fi pé; ìyá rẹ̀ ló ni ilé ìdáná. Ọmú Araceli ò fi bẹ́ẹ̀ sẹ̀, mílíìkì inú agolo ni Eufemia ń pò, omi híhó ló sì fi ń pò ó. Tíì òdòdó tí à ń fún ọmọ jòjòló kí inú rẹ̀ lè balẹ̀, omi yẹn náà ni. Inú Eufemia ń dùn, ó ń kọrin sí ìkòkò.

"Màmá," Araceli ní láàárọ̀ ọjọ́ kan, "ẹ wo ètè ọmọ yìí. Ó dà bí ẹni tó lá aró."

"Òtútù ni. Ìwọ náà ń ṣí fèrèsé kiri." Ó fi aṣọ wé ọmọ náà, ó sì tún omi sè, ó sè é pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, Isidro ò lè sunkún mọ́. Rufina ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé gbogbo wa lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún ò pupa! Ó dúdú bí ṣokoléètì tí a fi omi pò. Eufemia di ògiri mú.

Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, ó sì gbọ́ èdè wa. "Màmá, omi wo lẹ fi ń po mílíìkì rẹ̀?"

"Híhó ni o! Mo máa ń sè é títí á fi ku ìdajì. Ẹ bi gbogbo àdúgbò léèrè."

Dókítà fa àga sún mọ́ ọn. "Màmá, ajílẹ̀ tí wọ́n ń dà sí oko ọsàn ti wọnú kànga yín, òun ló ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí jẹ́. Iná kì í pa á. Omi ló ń gbẹ lọ, májèlé yẹn ń dúró. Bẹ́ ẹ ṣe ń sè é tó, bẹ́ẹ̀ ló ń le sí i."

"Yéè! Wúńdíá Màríà o!" Eufemia wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. "Èmi? Ọwọ́ mi yìí?"

Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa rí. Àwọn tó mọ̀, ìlú ńlá ni wọ́n ti ń sọ ọ́ láàárín ara wọn, kí ojú máa tì wọ́n!

Wọ́n fún Isidro lábẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ló bá figbe ta. Araceli gbé e fún ìyá rẹ̀, omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀. Eufemia ò gbà á. Ó fi ọwọ́ méjèèjì pa mọ́ sí abíyá.

Ìgbà yẹn ni Rufina rántí ilé tirẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó fa fóònù yọ, ó tẹ Noemí láago. "Da omi orí iná yẹn nù! Gbogbo ẹ̀, dà á nù!"

Gbogbo wa gbọ́ ohùn ọmọbìnrin náà. "Omi wo, Màmá? Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Mo rí i pé ètè ọmọ ń dúdú díẹ̀, ni mo bá sè é lẹ́ẹ̀mejì, bí Ìyá Araceli ṣe kọ́ mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ún tán ni."

Eufemia já fóònù náà gbà. "Noemí, èmi ni. Gbé ọmọ yẹn máa bọ̀ ní ọsibítù. Má wẹ̀, má wá bàtà. Gbé e máa bọ̀."