Ọmọ Yín Ńkọ́, Sà?

Ní Ọ̀fà, bí a bá dárúkọ olóògbé Evelyn Akínwándé, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ìyá Bíọ́lá, àdúrà ìkórè ọdún 1984 ni ènìyàn yóò kọ́kọ́ rántí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Katikíìsì Adétóyè ní kí ó gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí ó ń lọ. Ìyá Bíọ́lá kúnlẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì gbé ohùn sókè.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé dáadáa ni ẹ jí? Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Yín ńkọ́, sà?"

Àwọn akọrin bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tí ń tẹ dùùrù fi orí pamọ́ sẹ́yìn ìwé orin. Ìyá Bíọ́lá kò tilẹ̀ gbọ́ wọn. Ó dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tí ń dúró de èsì, ó mi orí, ó ní: "A dúpẹ́ o, sà."

Lẹ́yìn ìsìn, Katikíìsì pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ìyá Bíọ́lá, Ọlọ́run kì í sùn. Ẹ kò lè máa bi Í bóyá Ó jí dáadáa."

Ojú ti Ìyá Bíọ́lá gidigidi. Ó kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó kọjú sí pẹpẹ, ó ní: "Ẹ má bínú, sà. N kò mọ̀ ni. Ẹ kú àìsùn, sà."

Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Láti ọmọ ọdún méje ni wọ́n ti mú un lọ sí ilé ọ̀gá ilé-ìwé kan gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ọ̀dọ̀, ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni ó sì lò níbẹ̀. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ni ó ń gbà wọlé, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ni ó sì ń gbà jáde. Bí "o" bá ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ níbi tí ó yẹ kí "ẹ" wà, pàṣán ni yóò túmọ̀ ìyàtọ̀ náà fún un. Nígbà tí yóò fi kúrò nílé ọ̀hún, "o" ti kú lẹ́nu rẹ̀. Ó ń fi "ẹ" bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kan, ewúrẹ́ kan wọ ìsọ̀ búrẹ́dì rẹ̀, àwọn ènìyàn sì gbọ́ tí ó ń bẹ̀ ẹ́ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ dákun, ẹ má jẹ ẹ́ tán." Wọ́n bi í pé ṣé ewúrẹ́ ni ó ń bọ̀wọ̀ fún bẹ́ẹ̀. Ó ní: "Abiyamọ ni wọ́n."

Ìdí rélùwéè ni ó ti ń ta búrẹ́dì náà. Ọkọ̀ kì í pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìkíni Ìyá Bíọ́lá a máa pẹ́. Arìnrìn-àjò kan yọ orí lójú fèrèsé, ó béèrè búrẹ́dì kan ṣoṣo. Ìyá Bíọ́lá bi í léèrè ìyàwó rẹ̀, ó béèrè àwọn ọmọ, ó sì béèrè bí òjò ti ń ṣe lọ́dọ̀ wọn. Ó kù kí ó kan ìyá rẹ̀ ni ọkọ̀ bá ṣí. Ìkíni nìkan ni ọkùnrin náà jẹ dé Ìlọrin.

Ẹnìkan ṣoṣo láyé yìí ni ó ń sọ "o" fún: Àlàájà Asiata, tí ń ta ẹ̀pà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti jọ ń pọn omi.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ní ọdún 1987, Katikíìsì wàásù pé Jésù ti sọ fún àwọn tirẹ̀ pé wọn kì í ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ mọ́, ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Àwọn yòókù ṣe àmín, wọ́n sì lọ jẹ ìrẹsì. Ìyá Bíọ́lá kò kúrò lórí ìjókòó.

"Katikíìsì, sà, ṣé èmi náà wà níbẹ̀?"

"Ẹ wà níbẹ̀, mà."

"Ṣé ìlẹ̀kùn iwájú ni n ó máa gbà?"

"Ìlẹ̀kùn wo, mà?"

Ìyá Bíọ́lá dìde lórí ìjókòó. Ó ti pinnu nínú ọkàn rẹ̀: òun kò ní kú ní ọmọ-ọ̀dọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Àlàájà, ẹni tí ó máa ń pè é ní Èfílíìnì.

"Asiata, mo fẹ́ bá Ọlọ́run ṣọ̀rẹ́. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Báwo ni èmi àti ìwọ ṣe ṣe é?"

"A kọ́kọ́ jà nídìí ẹ̀rọ omi. O gé mi jẹ."

"Ṣé kí n gé Ọlọ́run jẹ ni?"

"Àsìtàgàfúrúláì! Èmi kò rán ọ níṣẹ́ yẹn o, Èfílíìnì!" Àlàájà wo ọ̀tún, ó wo òsì, kí ó tó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ohun tí mò ń wí ni pé láti ọjọ́ náà, o kò purọ́ fún mi rí. O sì ń wá jókòó tì mí lójoojúmọ́, kódà bí o kò bá fẹ́ ẹ̀pà. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ńkọ́? Bí o bá kí I tán, o ń tọrọ. Bí o bá tọrọ tán, o ń sá lọ."

Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ ọ̀sán bá ti lọ, Ìyá Bíọ́lá a jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ fún odidi wákàtí kan, a máa ròyìn ọjọ́ fún Ọlọ́run, kò sì ní tọrọ ohunkóhun. Ó tún ń fi "o" kọ́ ẹnu.

"O káàsán," ni yóò wí. Orúnkún rẹ̀ yóò sì tẹ̀ fúnra rẹ̀. "Sà." Nígbà náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀: "Ẹ má bínú, sà. N ó tún un sọ."

Abdulganiyu, òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ń ju àsíá fún awakọ̀, kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ìyá, ọdún kẹta rèé tí ẹ ti wà ní kíláàsì kan náà!"

Ìyá Bíọ́lá dá a lóhùn pé: "Olùkọ́ mi kò tíì lé mi, sà."

Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni ó ṣòro fún un ju "o" lọ. Bíọ́lá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti kú ní ọmọ ọdún mọ́kànlá ní ọdún 1961, síbẹ̀ orúkọ ọmọ náà ni wọ́n ṣì fi ń pè é. Ní ọjọ́ ikú náà, ohun tí ó wí fún Ọlọ́run ni "Ó dára, sà," gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ọ̀dọ̀ tí ọ̀gá gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀sán kan ní ọdún 1990, bí ó ti ń ròyìn lọ lórí bẹ́ǹṣì, ó dúró lójijì.

"Ẹ gbọ́, sà. Ọjọ́ tí Bíọ́lá lọ, mo ní ó dára. Irọ́ ni mo pa. Kò dára. Kò dára rárá. Láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni inú ti ń bí mi sí Yín."

Ó sọkún títí ìborùn rẹ̀ fi rin. Àlàájà fi ẹ̀pà rẹ̀ sílẹ̀, ó wá jókòó tì í.

"Kí ni Ó wí?"

"Kò wí nǹkan kan."

"Ṣé Ó bínú ni?"

Ìyá Bíọ́lá nu imú. "Rárá. Ó ṣì jókòó."

Nígbà tí ó yá, ọkọ̀ ojú irin di ohun tí à ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníṣòwò kó kúrò, ṣùgbọ́n Ìyá Bíọ́lá kò yẹ wákàtí rẹ̀. Wọ́n ní kí ó sinmi nílé, nítorí pé ọkọ̀ kò sí mọ́. Ó ní: "Ṣé ọkọ̀ ni mò ń bá ṣọ̀rẹ́ ni?"

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1997, àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Katikíìsì àti Abdulganiyu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Láti àárọ̀ ni kò ti fọhùn. Lójijì, ó yíjú sí ìlẹ̀kùn iwájú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Háà, o ti dé? Wọlé. Jókòó."

Àwọn méjèèjì bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹnìkan lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí wọn yóò fi yíjú padà, ó ti lọ.

Lẹ́yìn wákàtí kan ni ọ̀kadà gbé Àlàájà Asiata dé láti Ìjagbo, tòun ti eruku ọyẹ́ lórí ìborùn rẹ̀. Katikíìsì tù ú nínú. "Ẹ̀yin ni wọ́n pè kẹ́yìn, mà. Wọ́n ní, 'O ti dé? Wọlé. Jókòó.'"

"Nígbà wo?"

"Ó tó wákàtí kan báyìí."

"Ìjagbo ni mo wà ní wákàtí kan sẹ́yìn." Àlàájà yíjú. Ó wo ìlẹ̀kùn iwájú, ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ó ní 'o'?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kò fi 'sà' sí i?"

Abdulganiyu mi orí. "Kò fi 'sà' sí i rárá, mà."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Àlàájà, ẹ̀rín náà sì bá omijé pàdé lójú ọ̀nà. Ó jókòó sí etí ibùsùn, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún gèlè ṣe.

"Èfílíìnì," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́, "o ti jáde kíláàsì. Bá mi kí I o."