Odó Ketura

Ìyá ọkọ mi, Ketura Prewitt, kì í bẹ̀bẹ̀, kì í sì í purọ́. Ìwà kejì yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Ọdún 1784 ni òun àti ọkọ rẹ̀, Jotamu, kúrò ní Virginia, tí wọ́n gba orí òkè wá sí Kentucky. Awọnlẹ̀ fi àáké ṣá igi óákù kan létí odò lẹ́ẹ̀mẹta: igun ilẹ̀ wọn nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, igi ni ẹ̀rí. Ìwé nìkan kò tó. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ igi a máa jinná, nígbà tó sì yá, èèpo bo ojú àáké náà pátápátá.

Ní 1799, ó sú Ketura láti máa ru àgbàdo lọ síbi ọlọ tó jìnnà. Nígbà tí Jotamu lọ sóko ọdẹ, Ketura ní kí àbúrò òun gé óákù kan, kó gbẹ́ odó fún òun. Igi igun ilẹ̀ ni wọ́n gé. Jotamu dé, ó rí kùkùté, ó sì jókòó lé e lórí.

"Ketura, o ti gé ẹ̀rí wa lulẹ̀."

"Ẹ̀rí wo? Igi lásán ni mo rí. Ẹ ṣáà bá mi bó èèpo ara ẹ̀, baálé mi, kó lè jọ odó."

Jotamu búra pé òun ò ní fọwọ́ kàn án láéláé. Odó náà wà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú èèpo lára, àwọn aládùúgbò a sì máa fi ṣẹ̀sín: "Odó Ketura, ó ṣì wẹ̀wù!"

Lẹ́yìn ọdún méjìlá, ọ̀gbẹ́ni Landrum dé láti Richmond. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ sọ pé wọ́n ti wọn ilẹ̀ náà fún un ní 1786. Ó pè wá lẹ́jọ́, adájọ́ sì ní ẹni tí àmì rẹ̀ bá ṣáájú ló nilẹ̀. Agbẹjọ́rò wa rọ Ketura pé kó sọ pé ààrá ló wó igi náà. Ó kọ̀.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n gé e. Ó wà nílé, mo ń gún àgbàdo nínú ẹ̀."

"Ìyá ti gún ilẹ̀ ẹ̀ jẹ!" ni Landrum wí, kóòtù sì bú sẹ́rìn-ín.

Awọnlẹ̀ àgbà kan kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí a gbé odó náà wá. A fi màlúù wọ́ ọ wá, awọnlẹ̀ náà sì là á sí méjì. Ọdọọdún ni igi ń fi ìpele kan kún ara rẹ̀ lábẹ́ èèpo, a kò sì bó èèpo tiwa rí. Bí ìpele tó bo àmì náà bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tiwa ni ilẹ̀. Bó bá jẹ́ mẹ́tàlá, ẹrù la máa dì. Ó ń fi ẹnu ọ̀bẹ kà á.

"Mẹ́tàlá. Mẹ́rìnlá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Mo kígbe níwájú gbogbo èèyàn. Ojú ò tì mí.

Ṣùgbọ́n awọnlẹ̀ kò gbé ọ̀bẹ kúrò. Ojú àáké mìíràn tún wà jìnnà sínú igi náà, ó sì fi ogójì ọdún ṣáájú tiwa.

"Ti ta nìyẹn?" adájọ́ béèrè.

Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn ẹ̀yà Shawnee, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, ló ń lo etí odò yẹn kí ìbọn àwọn bàbá wa tó lé wọn lọ.

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹni tí àmì ẹ̀ bá ṣáájú," ni Ketura wí.

"Ìyá, ẹ jàre," ni adájọ́ wí. "Ẹ gbé igi yín, kí ẹ máa lọ sílé."

Ìdí nìyẹn tí a fi wà níbí dòní. Ṣùgbọ́n títí Ketura fi kú, n kò gbọ́ "ilẹ̀ mi" lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bí àlejò bá yìn ín pé ilẹ̀ rẹ̀ dára, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ó dára lóòótọ́. Landrum ò rí i gbà ni."